Kérésìmesì Nínú Ọjà Wa: Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ìparí Ọdún

  

Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe lórí àjọ, kì í sì í ṣe lórí kóńgò. Orí ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé wa ká ló dá lé. Àwọn tó wà níbẹ̀ á rántí. Ẹnì kan dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú àpò, kí á fi ra ìrẹsì àti òróró fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nítorí Kérésìmesì, kí á sì kọ "Ẹ kú ọdún Kérésìmesì" gàdàgbà gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà ọjà. Ẹnì kejì ní owó Mùsùlùmí wà nínú àpò yẹn, òun ò ní fọwọ́ sí i. Ẹnì kẹta, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun náà, ó ní nínú ìjọ tòun wọn kì í ṣe Kérésìmesì rárá, pé ọdún abọ̀rìṣà ni. Kí á tó ṣẹ́jú, ariwo ti ta. Ẹni tó ń bú ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ń bú u, ẹni tó ń ṣẹ́ èpè ń ṣẹ́ ẹ. Ìyálọ́jà ló lu agogo. Wọ́n ní kí àwa akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wa lè fi òye sọ ọ́ nígbà tí a bá tún pàdé.

Ìwé mẹ́fà péré ni àwa kà nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n a bi pásítọ̀ léèrè, a bi aáfà léèrè, ọmọ wa tó jẹ́ tíṣà sì bá wa ka àwọn ìwé ìtàn. Ohun tí a rí nìyí.

ÈKÍNÍ: OHUN TÍ BÍBÉLÌ SỌ ÀTI OHUN TÍ KÒ SỌ

Ẹ ka Mátíù orí 1 àti 2, kí ẹ sì ka Lúùkù orí 2. Ẹ ó rí i pé wọ́n bí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, pé àwọn olùṣọ́ àgùntàn wà nínú pápá lóru, pé àwọn amòye wá láti ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọjọ́, ẹ ò sì ní rí oṣù. Kò sí níbẹ̀. Kò sì síbi tí Jésù ti ní kí á máa ṣe ọjọ́ ìbí òun, bẹ́ẹ̀ ni kò síbi tó ti ní kí á má ṣe é.

Ọjọ́ 25 oṣù December wá lẹ́yìn ìgbà náà. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí a mọ̀ nípa ọjọ́ náà, ìlú Róòmù ló ti wá, ọdún 336 ló sì ń tọ́ka sí. Ìyẹn lé ní 300 ọdún lẹ́yìn ìbí Jésù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní wọ́n mú ọjọ́ náà kí ó lè rọ́pò ọdún oòrùn tí àwọn ará Róòmù ń ṣe. Àwọn mìíràn ní rárá, pé ṣe ni wọ́n ka oṣù mẹ́sàn-án láti ọjọ́ 25 oṣù March tí wọ́n gbà pé Màríà lóyún. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí láàárín àwọn tó mọ̀wé. Nítorí náà, kí ẹni tó ta ata má sọ pé òun ti parí rẹ̀ nídìí ìsọ̀.

Kódà ọjọ́ náà kò bára mu káyé. Àwọn ará Etiópíà àti àwọn Kóptíìkì ní Íjíbítì ń ṣe tiwọn ní ọjọ́ 7 oṣù January, nítorí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò fún ọdún ìjọ. Àwọn ará Àméníà ń ṣe tiwọn ní ọjọ́ 6 oṣù January. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

ÌKEJÌ: ONÍGBÀGBỌ́ PÀÁPÀÁ KÒ FOHÙN ṢỌ̀KAN

Ìyá tó sọ pé ìjọ tòun kì í ṣe Kérésìmesì kò purọ́. Ìjọ Deeper Life, tí Pásítọ̀ W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973, kì í ṣe ọdún náà bí àwọn yòókù ti ń ṣe é. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń se ìrẹsì, àwọn ń lọ sí rìtíríìtì, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì ń gbàdúrà. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tilẹ̀ ti pa á tì pátápátá. Ọdún 1926 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní oríléeṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà. Ìjọ ECWA, Ánglíkà, Bátísì, Àgùdà, CAC àti Sẹ́ráfù ń ṣe é ní tiwọn. Gbogbo wọn la ní nínú ọjà yìí. A tún ní àwọn tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì látọjọ́ ọdún àjíǹde, àmọ́ tí wọ́n á ti rán aṣọ Kérésì láti oṣù kẹsàn-án.

Nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí ìtàn Kérésìmesì ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà jù. Ní oṣù December ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, lọ kí Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó padà sí Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Ánglíkà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà. Ìjọ wọn kò papọ̀, àwọn tó rán wọn níṣẹ́ kò papọ̀, síbẹ̀ wọ́n jọ jókòó. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Bíbélì wí fún àwọn tí ọjọ́ ọdún ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ ka Róòmù orí 14 láti ẹsẹ 1 dé 6. Pọ́ọ̀lù sọ níbẹ̀ pé ẹnì kan lè gbé ọjọ́ kan ga ju òmíràn lọ, kí ẹlòmíràn sì ka gbogbo ọjọ́ sí ọgbọọgba, kí olúkúlùkù ṣáà dá ara rẹ̀ lójú. Kò ní kí ẹni tó ń ṣe é máa bú ẹni tí kò ṣe é. Kò sì ní kí ẹni tí kò ṣe é máa pe ẹlòmíràn ní abọ̀rìṣà.

ÌKẸTA: Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN MÙSÙLÙMÍ ŃKỌ́?

Àwọn kan nínú wa rò pé Mùsùlùmí kò mọ nǹkan kan nípa ìbí Jésù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Súrà kan odindi wà nínú Al-Kùránì, ìkọkàndínlógún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mọ́ríyámù. Ìtàn bí wọ́n ṣe bí Ànábì Ísà wà níbẹ̀. Ohun tí Mùsùlùmí kò gbà ni pé ọmọ Ọlọ́run ni. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kíkí ọdún fi di àríyànjiyàn láàárín àwọn náà.

Àwọn onímọ̀ wọn pín sí méjì lórí rẹ̀. Sheikh Muhammad ibn al-Uthaymeen ti Saudi Arébíà, tó kú ní ọdún 2001, kọ́ni pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí kí Onígbàgbọ́ kú Kérésìmesì, nítorí ó dà bí ẹni pé ó fọwọ́ sí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ní Íjíbítì, Ahmed el-Tayeb, Lèmọ́mù àgbà ti Al-Azhar, a máa lọ kí Póòpù àwọn Kóptíìkì kú ọdún. Láti ọdún 2003 ni ìjọba Íjíbítì sì ti ń fi ọjọ́ 7 oṣù January ṣe ìsinmi fún gbogbo ìlú. Ní Indonéṣíà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ṣe òfin ní ọdún 1981 pé kí Mùsùlùmí má bá wọn lọ́wọ́ nínú ayẹyẹ Kérésìmesì. Ìjọba ò fẹ́ òfin náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì le débi pé Hamka, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀.

Aáfà tí a bi léèrè ní kí a má gbàgbé Súrà 60, ẹsẹ 8. Ó ní ibẹ̀ ló ti yé àwọn pé Ọlọ́run kò kọ̀ fún Mùsùlùmí láti ṣe dáadáa, kó sì ṣe ẹ̀tọ́, sí ẹni tí kò bá a jà nítorí ẹ̀sìn. Ní ti oúnjẹ, ó ní kí á ka Súrà 5, ẹsẹ 5, tó fàyè gba oúnjẹ àwọn tí a fún ní ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe dúńbú rẹ̀, àti bóyá wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run sí i.

Tí ẹ bá rí i nígbà náà pé Mùsùlùmí kan ń kí yín tẹ̀rín-tọ̀yàyà, tí òmíràn sì dákẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ kálukú ló ń tẹ̀ lé. Ìkórìíra kọ́.

ÌKẸRIN: ỌJÀ KAN TÓ TÚ NÍTORÍ KÉRÉSÌMESÌ

Ìtàn yìí ló bà wá lẹ́rù jù, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ní ọdún 1647, ilé ìgbìmọ̀ ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin de Kérésìmesì. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Onígbàgbọ́ ni àwọn tó ṣe òfin náà. Àwọn náà ní kò sí nínú Bíbélì, pé ọtí àti ìwà jágbajàgba ló kúnnú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù December ọdún yẹn, Sátidé ni, méyọ̀ ìlú Canterbury pàṣẹ pé kí ọjà ná bí ó ṣe máa ń ná, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ṣí. Ìwọ̀nba àwọn ọlọ́jà díẹ̀ ló ṣí. Àwọn ará ìlú tó fẹ́ ṣọdún ya bò wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n tì í. Àwọn tí kò tì í, wọ́n da ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n fọ́n ọn ká. Ìjà bẹ́. Nígbà tó di ọdún 1648, rògbòdìyàn náà ti di ogun ní gbogbo agbègbè Kent.

Ẹ wo ẹni tó jìyà. Méyọ̀ ló pàṣẹ, ọ̀pọ̀ èrò ló bínú, ọjà ọlọ́jà ló fọ́n sílẹ̀. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1659 pé ẹni tó bá ṣe Kérésìmesì á san ṣílè márùn-ún. Ọdún 1681 ni wọ́n tó pa òfin yẹn rẹ́.

Ẹ má sọ pé ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjágbó, nítòsí Ọ̀fà, nínú ìpínlẹ̀ Kwara wa níhìn-ín, lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀mí bọ́, àwọn mìíràn sì fara pa. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n ń jọ ná ọjà ni.

ÌKARÙN-ÚN: OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWA FÚNRA WA

Ó yẹ kí á jẹ́wọ́, nítorí akọ̀wé tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀ náà. Ní Kérésìmesì ọdún 2023, a gbé ìrẹsì àti adìyẹ sínú kúlà, a ní kí ọmọ gbé e lọ fún ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a jọ ń tà. Ọmọ gbé kúlà náà padà wá bó ṣe wà. Ìyá náà ní kí ó bá òun dúpẹ́, kí ó sì kí wa kú ìsinmi.

Kú ìsinmi! Inú bí wa. A ní ṣé ìsinmi ni à ń ṣe ni? A ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tí oníbàárà bá bi wá pé níbo ni wọ́n ti ń ta ata, a ó nawọ́ sí apá ibòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá, ohun tí a ṣe nìyẹn. Oṣù bíi mẹ́fà la fi ṣe é.

Nígbà tó di Iléyá, oṣù kẹfà ọdún 2024, ìyá náà fi ẹran àgbò ránṣẹ́ sí wa bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin wa tó wálé kí wa ló gbà á. A rò pé ó ti dáná sí i. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ la bá ajá nídìí eegun. Ọmọ wa ní wọ́n ti kọ́ òun ní ìjọ òun pé kí àwọn má jẹ ẹran ọdún ẹlẹ́sìn mìíràn.

Ojú tì wá, a jókòó sórí àpótí. Ìyá aláta dá tiwa padà ní mímọ́, pẹ̀lú ọpẹ́. Àwa gba tirẹ̀, a sì jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì a lọ kúnlẹ̀ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, nítorí ó jù wá lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ò ṣáà bi mí. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ yín wà láyé, ta ló ń dúńbú adìyẹ ọdún yín?" A dákẹ́. Òótọ́ ni. Bàbá wọn máa ń pe ọmọ aáfà ilé kejì wá dúńbú rẹ̀, kí gbogbo aládùúgbò lè jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó rántí nínú wa. Ọmọkùnrin wa ló pa adìyẹ ọdún 2023 lẹ́yìnkùlé. Ọmọ ìyá náà sì rí i.

Ó tún ní, "Ní ti kú ìsinmi tí mo kí yín, àwọn aáfà ọmọ mi ní kí n má kí Kérésìmesì. Mi ò sì fẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí n má kí yín. Ọ̀nà tí mo rí nìyẹn."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, oṣù mẹ́fà la fi bínú sí ẹni tó ń wá ọ̀nà láti kí wa.

ÌKẸFÀ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ilé wo ní Ìgbómìnà ni kò ní Jímọ̀ àti Jọ́ọ̀nù nínú? Nínú ọjà, ta ló ń ta ìrẹsì Kérésìmesì? Àlàájà wà níbẹ̀. Ta ló ń ta àlùbọ́sà Iléyá? Ìyá ìjọ wà níbẹ̀. Ọdún ẹnì kejì wa ni ọjà wa. Nítorí náà, ohun tí àwa akọ̀wé ń dábàá rèé. Kí ìpàdé gbé e yẹ̀ wò:

1. Owó àpò ẹgbẹ́ jẹ́ ti gbogbo wa. Kí a má fi ṣe ọdún ẹ̀sìn kankan, ìbáà ṣe Kérésìmesì, ìbáà ṣe Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ dá owó ìrẹsì ọdún, kí ó fi orúkọ sínú ìwé ọ̀tọ̀, ní ìfẹ́ inú rẹ̀. Kí akápò má yọ ọ́ lára àjọ ẹnikẹ́ni.

2. Ẹni tó bá fẹ́ fi oúnjẹ ránṣẹ́, kí ó béèrè kó tó sè é. Ẹ lè pe ẹni tó mọ̀ ọ́n dúńbú. Ẹ sì lè fi ìrẹsì tútù, iṣu tàbí adìyẹ ààyè ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́. Kó má gbà á kó wá fún ajá.

3. Kí a má fi agbára mú ẹnikẹ́ni kíni. Ẹni tó bá kí yín, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ẹni tó bá ní kú ìsinmi, ẹ ní "a dúpẹ́". Ẹni tó dákẹ́, ẹ má kà á sí èébú.

4. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ 25 àti lọ́jọ́ 26, kí ó ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ tì, kí ó tì. Kò sí owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí Canterbury.

5. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn wàásù tako ọdún ẹlòmíràn láàárín ìsọ̀. Ilé ìsìn wà fún ìyẹn. Kí a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa nípa báńgà. Pákó àti páánù la fi kọ́ ìsọ̀ wa, ẹ̀rùn sì ti dé. Iná kì í béèrè ẹ̀sìn.

6. Ní ti ìnáwó: ọdún á lọ, oṣù January á dé, owó ilé ìwé á dé pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣọdún má fi owó ọjà rán aṣọ. Kí ẹni tí kò ṣọdún má sì fi ẹni tó jẹ gbèsè ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti aṣọ tí wọ́n ní kí á kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, àwa rò pé ohun tó bá gbogbo wa mu ni kí á kọ síbẹ̀: "Ẹ kú ìparí ọdún, ẹ kú àbọ̀ wálé." Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Èkó, Àbújá àti Ìlọrin á rí i, kálukú á sì mọ ibi tí òun ń lọ lọ́jọ́ ọdún.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(i) Ṣé a rí ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù nínú Bíbélì? Kí ni Róòmù 14 kọ́ wa nípa rẹ̀?
(ii) Kí ló fà á tí Mùsùlùmí kan fi ń kíni, tí òmíràn kò sì kíni?
(iii) Ta ló pàdánù jù nígbà tí ọjà Canterbury tú?
(iv) Ta lo ti ń bínú sí láti ọdún tó kọjá nítorí oúnjẹ tàbí ìkíni? Ṣé o ti bi í léèrè ìdí rẹ̀?

Ìbéèrè kẹrin yẹn, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn rẹ̀ ní ìpàdé. Kí ó lọ dáhùn rẹ̀ ní ìsọ̀ ẹni náà.

Ní tiwa, a ti bá ọmọ aáfà sọ̀rọ̀ nípa adìyẹ ọdún yìí. Ìyá aláta sì ti ní òun ló máa fún wa ní ata tí a ó fi se ọbẹ̀ náà. A sanwó, ó kọ̀, kò gbà á.

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ọdún á yabo. À á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé, àwa tó ń ṣe é àti ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe é.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́